Níbo Ni Ohùn Ti Yà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi í gbọ́. Bí wọ́n bá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sákárà àtijọ́ sórí ẹ̀rọ, tí olórin fa ohùn gùn díẹ̀, tó sì mì ín lọ́nà ọ̀fun, kíá lẹnì kan yóò ti sọ pé, "Ohùn Lárúbáwá nìyẹn." Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ti gbọ́ ọ níbi òkú àgbà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan fi ń yin sákárà ni, pé orin Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni. Àwọn mìíràn fi ń bù ú kù, pé kì í ṣe ti Yorùbá. Àtẹni tó ń yìn ín o, àtẹni tó ń bù ú kù o, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún wọn: ohùn Lárúbáwá wo?

Nítorí kì í ṣe ohùn kan ni àwọn Lárúbáwá ní. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni, olúkúlùkù ló ní orúkọ àti ìwà tirẹ̀. Maqam ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ olórin wọn gan-an ni kó mọ bí wọ́n ṣe ń ti inú maqam kan bọ́ sínú òmíràn láìjẹ́ pé ó dàbí ẹni tó ṣìnà. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ ibi tí wọ́n ti yà, kò tíì gbọ́ orin náà, ariwo rẹ̀ ló gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mú ẹ̀yin òǹkàwé rìn dé Ìráàkì kí n tó mú yín padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìrìn náà kò le, ẹ sáà bá mi kálọ.

Ohun èlò tó ń fi ọ̀ràn yìí hàn jù lọ ni úùdù. Ikùn rẹ̀ rí bí ìdajì ìbẹ́pẹ ńlá, ọrùn rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ ṣẹ́ sẹ́yìn, okùn rẹ̀ sì ń lọ ní méjì méjì. Wọ́n ń ta á bí a ṣe ń ta gítà, ṣùgbọ́n kò ní àwọn irin kéékèèké tí wọ́n kàn mọ́ ọrùn gítà. Ibi tó bá wu ìka ni ìka lè tẹ̀. Àwa náà ní ẹbí rẹ̀ nílé: mólò, olókùn mẹ́ta, tí àwọn onísákárà ń lò kí gòjé tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mólò yẹn sápò, a óò padà mú un.

Ọ̀rọ̀ maqam fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí ibi ìdúró. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọrin ní kọ́áyà rí, tí ẹ mọ do, re, mi, ẹ gbọ́ ná. Ẹ gun orí do, ẹ lọ sí re, ẹ lọ sí mi, fa, so. Ṣùgbọ́n mi yẹn, ẹ má lò ó bí ti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ má sì rẹ̀ ẹ́ dé ibi bọ́tìnì dúdú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Agbedeméjì funfun àti dúdú ni kó wà, níbi tí dùùrù kò ti ní nǹkan kan. Bí ẹ bá wá sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ sinmi sórí do, inú Rast lẹ wà. Ohùn àgbà tó tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó yá, ẹ tún ohùn wọ̀nyẹn kọ, ẹ má yí ìkankan padà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí orí re ni kí ẹ sinmi sí. Ẹ ti kúrò nínú Rast, ẹ ti dé inú Bayati. Ohùn ìsàlẹ̀ márààrún kò yí padà, ilé tí wọ́n ń darí sí ló yí.

Bí ẹni tó ń rìn ní Marina tó gba Odunlami Street yà sí Broad Street ni. Ilé gogoro tó rí lọ́hùn-ún náà ló tún ń wò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ló kọjú sí i báyìí, atẹ́gùn ọ̀sà kò sì fẹ́ sí i lára mọ́. Kò sẹ́ni tó gbé ilé kankan kúrò. Òun ló yí ibi ìdúró padà.

Nítorí náà, ẹni tó ń wá ibi tí olórin ti yà, tó ń ka ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó, yóò pàdánù ìdajì rẹ̀. Ibi ìsinmi ni kó máa ṣọ́. Ọgbọ́n kan tí èmi ń lò rèé, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀: bí olórin bá ti sinmi lẹ́ẹ̀kíní, ẹ mú ohùn yẹn, kí ẹ máa kùn ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ orin náà, kí ẹ má fi sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí orin bá ṣì wà nínú ilé rẹ̀, kíkùn yín yóò bá a mu. Lọ́jọ́ tí kíkùn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà pẹ̀lú orin, tí ó dàbí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ń bà á jẹ́, ẹ mọ̀ pé onílé ti kó jáde.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó jáde kì í ṣe bákan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí olúùdù lọ dúró sórí so, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ẹni ń yẹ ilẹ̀ wò kó tó tẹ́ ẹní. Nígbà tí etí bá ti gbà pé orí so la wà, ó kọ́ ilé mìíràn láti ibẹ̀ lọ sókè. Ó lè jẹ́ Hijaz, tí ẹ óò mọ̀ nípa àlàfo gbayawu tó wà láàárín ohùn rẹ̀ kejì àti ìkẹta, bí ẹni fò gọ́tà. Etí Èkó ti mọ Hijaz tipẹ́, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n sábà fi ń pe ìrun ní Mẹ́kà, a sì ń gbọ́ ọ lórí rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ìyà tó dùn mọ́ mi jù ni láti Bayati sí Saba. Ohùn kan ṣoṣo ló ń yí. Ẹ wà lórí re yín, ẹ gun mi tó rẹ̀ sílẹ̀ yẹn, ẹ gun fa, etí ti la ẹnu sílẹ̀ de so, so kò wá. Bọ́tìnì dúdú tó wà nísàlẹ̀ so ló dé. Àyè tó yẹ kó fẹ̀ wá fún pọ̀, ọkàn sì fún pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ibi ìsinmi kò kúrò, kíkùn yín kò ní jà, síbẹ̀ ilé ti di ilé ọ̀fọ̀. Ọgbọ́n kíkùn kò lè mú èyí. Àfi kí ẹ ti mọ so tó yẹ kó dé kí ẹ tó lè mọ̀ pé kò dé.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ etí rẹ̀ láìra rẹ́kọ́ọ̀dù kankan, kó wá kásẹ́ẹ̀tì Abdul Basit Abdus-Samad, ará Íjíbítì tó di olóògbé ní 1988. Àwọn aláàfáà kò ní fẹ́ kí n pe kíké Al-Kùránì ní orin, mi ò sì pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ni, ó sì ní ilé. Àṣà àwọn tó ń ké e lọ́nà ti Íjíbítì ni pé inú Bayati ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rìn káàkiri, inú Bayati náà ni wọ́n sì ń padà sí kí wọ́n tó dákẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ dópin lẹ́ẹ̀mẹwàá ti ní ilé Bayati nínú etí rẹ̀ nìyẹn, bó fẹ́ bó kọ̀.

Ní ti úùdù Ìráàkì, orúkọ tí gbogbo ayé ń dá ni ti Munir Bashir, ọmọ Mosul, tó kú ní Budapest ní 1997. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jamil jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Baghdad ní 1936. Şerif Muhiddin, ọmọ Istanbul tó ń ta úùdù tó tún ń ta sẹ́lò, ni olùkọ́ úùdù wọn. Munir ló gbé úùdù jókòó lóun nìkan níwájú àwọn òyìnbó ní Yúróòpù, láìsí olórin, láìsí ìlù, tí wọ́n sì pa lọ́lọ́ fún un. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó lè dúró lórí ohùn kan títí ẹ ó fi máa wo aago, kó dákẹ́, kó tún fọwọ́ kan ohùn tó tẹ̀ lé e bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé àna. Nígbà tó bá wá yà, ẹ óò mọ̀, torí pé ó ti fi ebi ìyà náà pa yín.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi èmi, Jamil ni mo fẹ́ràn jù. Munir ń fi ìyà hàn bí ẹni ń fi ohun iyebíye hàn nínú gíláàsì. Jamil ń yà bí ẹni tó mọ àdúgbò. Ó gba kọ̀rọ̀ wọlé, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kí ẹ tó sọ pé "Saba nìyí" ó ti tìlẹ̀kùn, ó ti padà sílé. Jamil náà ń ta fáyólìn, mo sì rò pé ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà: ọwọ́ tó ti mọ ohun èlò tí wọ́n ń fi ọrun fà kì í bẹ̀rù àyè tó wà láàárín ohùn méjì. Àwọn tó gbà pé Munir nìkan ni úùdù Ìráàkì ń jìyà ohun tí wọ́n kò mọ̀.

Fífi ọrun fà yìí ló mú wa padà sílé. Àwọn olórin maqam ní Baghdad ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní jawza. Orúkọ àgbọn ni, torí igbá àgbọn ni ikùn rẹ̀, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n sì ń fi ọrun fà á. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gòjé tiwa, tí ikùn rẹ̀ jẹ́ igbá, tí awọ rẹ̀ jẹ́ ti awọ́nríwọ́n, tí okùn àti ọrun rẹ̀ jẹ́ irun ẹṣin. Ẹ óò rí i pé ìbátan ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn mẹ́rin ni jawza ní, tí gòjé sì ní ẹyọ kan. Ní 1932, àwọn ọ̀mọ̀ràn orin Lárúbáwá pé jọ sí Káírò, jawza Ìráàkì wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tó sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn ni dùùrù òyìnbó: ṣé kí wọ́n gbà á wọlé ni àbí kí wọ́n lé e, nígbà tí kò ní ohùn tó wà láàárín funfun àti dúdú? Láàárín àwọn ọdún 1930 wọ̀nyẹn, Àbíbù Olúwa ń kọ sákárà sínú rẹ́kọ́ọ̀dù níhìn-ín l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó pè é sí Káírò, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn.

Èmi ti gbìyànjú ọgbọ́n kíkùn yẹn lábẹ́ sákárà. Mo ti kùn ún lábẹ́ Sàlámì Balógun, Lefty tiwa níhìn-ín, tó kú ní 1981. Mo ti kùn ún lábẹ́ Yúsúfù Ọlátúnjí, Bàbá L'Ẹ́gbàá, tó kú ní 1978. Kíkùn mi kò jà. Orin bẹ̀rẹ̀, gòjé fi ilé hàn, olórin wọlé, ó ki oríkì, ó gbani nímọ̀ràn, ó ta ìtàkùn ọ̀rọ̀ títí ojú rẹ́kọ́ọ̀dù fi tán, ilé kan náà ni. Bí ó bá kúrò díẹ̀, kò tẹ́ ẹní síbẹ̀. Kò sí Bayati tó di Saba, kò sí kíkọ́lé tuntun sórí so. Ẹni tó bá ń pe èyí ní maqam kò mọ maqam, kò sì gbọ́ sákárà.

Ṣé kò wá sí ohunkóhun tó ti ọ̀dọ̀ kéwú wá ni? Ó wà. Mi tó rẹ̀ sílẹ̀ yẹn wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Ohùn tí kì í ṣe funfun tí kì í ṣe dúdú wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, gòjé sì ń bá olórin wá a kiri. Bí ẹ bá wá bèèrè bí ó ṣe ráyè wọlé, àfi kí n mú yín gba ọ̀nà Marina kọjá.

Ní kàtídírà tó wà ní Marina, Thomas Ekundayo Phillips tẹ dùùrù láti 1914 títí di 1962. Ó rí i pé orin òyìnbó ń ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ lẹ́nu ìjọ. Orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀, ọkọ di ọkọ̀, ọkọ̀ di ọkọ́, ìjọ sì ń kọ ohun tí wọn kò ní lọ́kàn. Ó ṣe orin tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1953, Yoruba Music. Iṣẹ́ rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èdè wa ń bèèrè gan-an. Ó ń bèèrè pé kí orin gòkè bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, kó sọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá sọ̀. Kò bèèrè pé báwo ni ìgbésẹ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Ọkọ̀ ṣì jẹ́ ọkọ̀, bóyá ẹ fi ìgbésẹ̀ ńlá sọ̀ kalẹ̀ tàbí ẹ fi ti ọmọdé sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà ni èdè dè mọ́lẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ ló fi sílẹ̀.

Àyè tó fi sílẹ̀ yìí ni etí tó ti gbọ́ kéwú láti kékeré gbà wọlé. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń gbọ́ ìrun pípè láti mọ́sálásí Shitta-Bey, tó ti wà níbẹ̀ láti 1894, kò gba òfin ìrìn àwọn Lárúbáwá. Kò nílò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń darí ìrìn fún un. Fífẹ̀ ìgbésẹ̀ ló gbà. Dùùrù kàtídírà mọ òkè mọ ìsàlẹ̀, àmọ́ fífẹ̀ ìgbésẹ̀ rẹ̀ ti wà títì láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Onísákárà ní méjèèjì. Mo sì gbà pé ìdí tí gòjé fi gba ipò mólò nìyí: bí ẹ bá ta okùn mólò, ohùn rẹ̀ ń kú lọ ni, gòjé lè mú ohùn kan lọ́wọ́ kó máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ti olórin mu.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni pé onígòjé kò pọ̀ mọ́ l'Ékòó, dùùrù oníná sì wà níbi gbogbo. Láìpẹ́ yìí, níbi òkú àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹgbẹ́ olórin kan gbé orin sákárà àtijọ́. Ìlù dára. Olórin mọ ọ̀rọ̀ náà dé orí. Dùùrù oníná ló wà níbi tó yẹ kí gòjé wà, ó sì ń tẹ mi funfun, mi funfun, bí ẹni ń fi èékánná gún olórin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Olórin gbìyànjú fún bí ẹsẹ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ohùn tirẹ̀ pẹ̀lú gòkè lọ bá funfun. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó bàjẹ́, Phillips kò ní rí nǹkan bá wí. Ohun tí wọ́n ń pè ní ohùn Lárúbáwá ti jáde kúrò nínú orin náà, àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ sì ń jó lọ ní tiwọn, wọn kò fura.

Àwọn Lárúbáwá gan-an ti wá nǹkan ṣe sí i. Dùùrù oníná tí wọ́n ń tà fún wọn ní bọ́tìnì tó ń rẹ ohùn sílẹ̀ sí agbedeméjì. Èyí tí wọ́n gbé wá sóde náà kò ní in. Nígbà tí wọ́n dúró jẹun, mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́, mo ní, "Àbúrò, ṣé mi yẹn kò lè rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ni?"

Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ o. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó fi àtàǹpàkò kan kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lápá òsì dùùrù náà, ó yí i sísàlẹ̀ díẹ̀, ó tẹ mi. Ó yí i sí i. Níbì kan ohùn náà bọ́ sójú ibi tó yẹ, Alhaja kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì gbójú sókè kúrò nínú àwo rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í fọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ yẹn kì í dúró. Bó ti yọ àtàǹpàkò rẹ̀, ó fò padà sáàyè rẹ̀, mi sì tún di funfun. Bí yóò bá lò ó, àfi kó máa fi ọwọ́ kan yí i nígbàkígbà tí mi bá dé títí orin yóò fi parí, kó máa fi ìkejì nìkan tẹ orin.